Bí A Ti Wá Ẹnu fún Rédíò Bàbá Àgbà

Àwọn baba wa mọ orúkọ í sọ. Bí nǹkan àjèjì bá wọ ìlú, wọn kì í yára gba orúkọ tí ó bá a wọlé. Wọn a kọ́kọ́ wo ìwà rẹ̀, wọn a wo iṣẹ́ rẹ̀, kí wọn tó fún un ní orúkọ tí yóò máa jẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni wọ́n ṣe fún rédíò. Wọ́n rí i pé ó ń sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, pé a lè yìn ín, a lè bú u, a lè bi í ní ìbéèrè, kò ní dáhùn, kò sì ní bínú. Ni wọ́n bá sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ náà bá a mu wẹ́kú. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin òǹkàwé mi, kí ni kí á pe èyí tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́? Ọ̀kan bẹ́ẹ̀ wà ní ilé wa ní Ọ̀fà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo sì fẹ́ bá yín sọ, nítorí ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ lára rẹ̀ kò mọ sí ọ̀rọ̀ rédíò nìkan.

Àpótí tí orúkọ asọ̀rọ̀mágbèsì kọ́kọ́ bá mu ni rẹ̀dífúṣọ̀n. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní Èkó. Ìbàdàn gba tirẹ̀ ní 1939. Wáyà ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ilé iṣẹ́ wá sí ilé àwọn tí ń san owó oṣooṣù. Bí ènìyàn bá tú àpótí náà wò, ohun tí yóò bá níbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju sípíkà kan lọ, àti kọ́kọ́ tí a fi ń mú ohùn lọ sókè tàbí wá sísàlẹ̀. Ẹnu ni, kò ní etí. Ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí i nìkan ni yóò sọ. Rédíò ilé tiwa jẹ́ òdìkejì rẹ̀ pátápátá. Etí rẹ̀ pé, ọpọlọ rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti yọ ẹnu rẹ̀ lọ.

Bàbá àgbà mi, tí ó jẹ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni ó ra rédíò náà ní 1961. Ilé iṣẹ́ Philips ni ó ṣe é. Pákó dídán ni ara rẹ̀, aṣọ aláwọ̀ wúrà bo iwájú rẹ̀, dígí gbọọrọ kan sì wà nísàlẹ̀ aṣọ náà tí a kọ orúkọ àwọn ìlú òkèèrè sí. Ìyá àgbà sọ fún mi pé nígbà ogun abẹ́lé, láti 1967 títí di 1970, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn a máa kún fọ́fọ́ ní ìrọ̀lẹ́ nítorí ìròyìn. Ó ní àwọn tí ọmọ wọn wà lójú ogun kì í bá ẹnikẹ́ni jà sí àga. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí, níwájú rédíò gan-an, bí ẹni pé bí àwọn bá súnmọ́ ọn, ìròyìn burúkú kò ní lè gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá.

Bàbá àgbà jáde láyé ní 2009. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, a ti pálọ̀ náà pa fún ọdún mélòó kan. Láàrin ìgbà náà ni ọmọ ilé kan tú ẹ̀yìn rédíò, ó yọ sípíkà rẹ̀, ó lọ fi kún ẹ̀rọ orin tirẹ̀. Nígbà tí mo dé ilé fún ìsinmi, mo tú ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Iwájú rẹ̀ ṣì ń dán bí ti ìyàwó tuntun, ṣùgbọ́n ní ẹ̀yìn aṣọ aláwọ̀ wúrà yẹn, ihò ńlá ni mo bá, àti wáyà méjì tí ó so rọ̀ láìsí ohun tí wọ́n so mọ́.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí ó jẹ́ olórí ẹbí wa báyìí, fẹ́ tún pálọ̀ náà ṣe. Ẹnìkan ti wá wo rédíò yìí, ó sì ti dá owó lé e. Kò fi ohun tí ó fẹ́ fi í ṣe pamọ́: yóò kó gbogbo inú rẹ̀ dànù, yóò fi ẹ̀rọ kékeré kan síbẹ̀ tí yóò máa gba orin láti inú fóònù, yóò sì gbé e sí ibi tí àlejò ti lè máa rí i. Owó náà yóò ra sìmẹ́ńtì, sìmẹ́ńtì kì í sì í ṣe ohun tí a fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn lóde òní. Gbogbo wa wo ojú Ìyá àgbà. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, etí ni ó fi ń mọ ẹni tí ó wọlé. Kò sọ pé kí wọn tà á, kò sì sọ pé kí wọn má tà á. Ohun tí ó sọ kò ju èyí lọ: “Ṣé láìlẹ́nu náà ni ẹ ó ṣe gbé e fún wọn?”

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ ẹ̀gbọ́n bàbá mi pé kí wọn fún mi ní àyè díẹ̀. Wọ́n rò ó, wọ́n ní, “Ọ̀sẹ̀ méjì ni o ní kí o tó padà sí ilé ẹ̀kọ́. Bí ó bá sọ̀rọ̀ kí o tó lọ, yóò dúró. Bí kò bá sọ̀rọ̀, ẹni tí ó fẹ́ rà á yóò wá gbé e.”

Bàbá oníṣẹ́ rédíò kan wà ní àdúgbò wa tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní àádọ́rin. Kàdúná ni ó ti kọ́ṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀. Lóde òní, fóònù ni àwọn ènìyàn ń gbé wá fún un láti gba iná sí, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ àtijọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí lábẹ́ tábìlì. Nígbà tí mo gbé rédíò náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí ó tú ẹ̀yìn rẹ̀, ṣe ni ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó bèèrè, “Tíṣà, ṣé ẹnikẹ́ni ti tan iná sí i láti ìgbà tí wọ́n ti yọ sípíkà rẹ̀?” Mo ní, “Rárá, Bàbá.” Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, “Ó ṣeé ṣe nígbà náà.”

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa, ó yẹ kí á mọ bí rédíò oní-fáàfù ṣe ń ṣiṣẹ́. Fáàfù jẹ́ ìgò kékeré tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Irin tín-ínrín kan wà nínú rẹ̀ tí iná ń mú gbóná títí yóò fi pọ́n. Ìgbóná yìí ni ó ń jẹ́ kí iná lè là láti ara irin kan bọ́ sí ara irin kejì láàrin òfìfo náà. Ohùn rírẹlẹ̀ tí eriali mú wá ni a fi ń darí ìṣàn yìí, bí ìgbà tí ọmọdé bá fi ìjánu tín-ínrín darí ẹṣin ńlá. Òun ni gbogbo ayé ń lò kí tìrànsísítọ̀, tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní òpin ọdún 1947, tó gba ipò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Márùn-ún ni fáàfù tí ó wà nínú rédíò wa. Nọ́ḿbà wọn ni ECH81, EBF89, EBC81, EL84 àti EZ80. EZ80 ń pèsè iná fún àwọn yòókù. EL84 ni ó ń ti ohùn jáde nígbẹ̀yìn.

Sípíkà ní tirẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọgbọ́n tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà méjì, Chester Rice àti Edward Kellogg, gbé jáde ní 1925, tí kò sì tí ì yí padà púpọ̀ títí di òní. Pépà tí a ṣe bí àrọ ni. Wáyà tín-ínrín tí a wé mọ́ ìdí pépà yìí wà láàrin irin òòfà. Bí iná bá ń lọ, tí ó ń bọ̀ nínú wáyà náà, òòfà a máa fà á, a sì máa tì í. Pépà a gbọ̀n, afẹ́fẹ́ a gbọ̀n, etí wa a sì gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ibi tí ìṣòro wà nìyí. EL84 ní fólítì púpọ̀, ó tó 250, ṣùgbọ́n ìṣàn rẹ̀ kéré gan-an. Kò tó ìdá kan nínú ogún ìwọ̀n tí a ń pè ní áńpíà. Sípíkà kò fẹ́ fólítì púpọ̀. Ìṣàn ni ó fẹ́. Bí a bá so àwọn méjèèjì pọ̀ tààrà, ọ̀rọ̀ wọn kò lè wọ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi alárinà sí àárín wọn, tìráńsífọ́mà kékeré kan, tí ó ń gba fólítì púpọ̀ lọ́wọ́ fáàfù, tí ó sì ń sọ ọ́ di ìṣàn púpọ̀ fún sípíkà.

Bàbá kà á fún mi lórí ìka ohun mẹ́ta tí ó máa ń ba irú rédíò yìí jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ń kánjú. Èkíní, bí ènìyàn bá tan án láìsí sípíkà, alárinà yìí kò rí ẹni tí yóò gbé ẹrù fún; fólítì inú rẹ̀ a lè ru sókè títí yóò fi fọ́ èèpo ara wáyà rẹ̀. Èkejì, nínú ọ̀pọ̀ rédíò, ara sípíkà gan-an ni wọ́n kan tìráńsífọ́mà mọ́. Ẹni tí ó bá yọ sípíkà ti yọ méjèèjì. Bí a bá tan irú èyí, ọ̀kan nínú àwọn irin inú fáàfù tí kò yẹ kí ó gbé ẹrù ńlá ni gbogbo ẹrù yóò wọ̀ lọ́rùn, yóò pọ́n kuku bí ẹyín iná, fáàfù náà yóò sì kú. Ẹ̀kẹta, nínú ọ̀pọ̀ rédíò àwọn ọdún 1930, sípíkà kò ní òòfà tirẹ̀. Wáyà tí a wé ni wọ́n fi ń ṣe òòfà, iná tí rédíò fẹ́ lò ni ó sì ń gba inú wáyà náà kọjá. Sípíkà tuntun kò lè rọ́pò irú rẹ̀ lásán, nítorí ọ̀nà tí iná ń gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn fáàfù ti gé.

A yẹ tiwa wò. Tìráńsífọ́mà rẹ̀ ṣì wà lórí irin tí wọ́n to àwọn fáàfù sí, wáyà méjèèjì tí ó so rọ̀ sì jẹ́ ti ẹ̀gbẹ́ tí sípíkà ń gbà. Kò sí àmì wáyà òòfà kankan. Bàbá ní, “Wọ́n mú ẹnu lọ, wọ́n fi ọ̀fun sílẹ̀.”

Nígbà náà ni mo bèèrè ìbéèrè tí ó dà bí ẹni pé kò ní ìdáhùn. Mo ní, “Bàbá, báwo ni a ó ṣe mọ irú sípíkà tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ẹ kò rí i rí, èmi náà kò rí i rí, ẹni tí ó yọ ọ́ ní òun kò rántí ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀.” Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ohun tí ó lọ kò lè sọ̀rọ̀. Bi èyí tí ó kù.”

Ó mú iná kékeré tí ó jẹ́ fólítì 12, irú èyí tí ń lọ tí ó sì ń bọ̀, ó so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ tìráńsífọ́mà tí ó kọjú sí fáàfù. Ó ní kí n gbé mítà sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí n ka ohun tí mo bá rí. Mo ka fólítì 0.38. Ó ní kí n fi 0.38 pín 12. Mo pín in, mo rí nǹkan bí 31.6. Ó ní kí n fi iye yìí ṣe ìlọ́po ara rẹ̀. Mo ṣe é, ó sì tó nǹkan bí 1,000. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé óòmù kan tí a bá so mọ́ ẹ̀gbẹ́ sípíkà, bí óòmù 1,000 ni fáàfù yóò ṣe rí i láti ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Ohun tí EL84 sì ń fẹ́ láti máa rí níwájú rẹ̀ tó nǹkan bí óòmù 5,000. Sípíkà tí ó sọnù, óòmù márùn-ún ni, tàbí ohun tí ó súnmọ́ ọn.

Mo jókòó sílẹ̀, mo ń wo mítà náà. Ohun tí a kò rí rí ti sọ ara rẹ̀ fún wa. A tún wo pákó iwájú. Ihò ìdè mẹ́rin wà níbẹ̀, òbìrí kan tí eruku ọdún pípẹ́ kò bà sì yí ihò ńlá ká. Ó fẹ̀ tó ínṣì mẹ́jọ. Bí sípíkà náà ti tóbi tó nìyẹn.

Mo wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin, sí ìsọ̀ àwọn tí ń ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ àlòkù. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo bá kó sípíkà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ síwájú mi, ó tóbi, ó ń dán, wọ́n kọ “300 wáàtì” sí i lára gàdàgbà. Ó ní, “Ọ̀rẹ́ mi, gbé èyí, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́.” Bàbá ti kìlọ̀ fún mi kí n tó kúrò nílé. Gbogbo agbára tí EL84 kan lè tì jáde kò pé wáàtì mẹ́fà. Sípíkà ọkọ̀ wúwo ní pépà, rọ́bà ni etí rẹ̀, ẹni tí ó lágbára ni ó lè tì í kí ó mì. Bí a bá so ó mọ́ rédíò Bàbá àgbà, yóò kàn máa kùn ni. Pépà fífúyẹ́, tí etí rẹ̀ náà jẹ́ pépà, ni rédíò àtijọ́ fẹ́, nítorí ìmí díẹ̀ a máa tó o.

Ìsọ̀ kẹrin ni mo ti rí i, láàrin egungun ẹ̀rọ agbórin kan tí ó ti kú tipẹ́tipẹ́. Ínṣì mẹ́fà ni, pépà rẹ̀ fúyẹ́, kò ya. Mo fi bátìrì kékeré tọ́ ọ. Ó dún “kọ́,” pépà rẹ̀ sì fò síwájú. Mo gbé mítà sí i, ó kà 3.4. Bàbá ti sọ pé iye tí mítà máa kà kì í tó iye tí a kọ sí ẹ̀yìn sípíkà; èyí tí ó bá kà bẹ́ẹ̀, óòmù mẹ́rin ni. Mẹ́rin kì í ṣe márùn-ún, ṣùgbọ́n óòmù 4,000 ni yóò gbé síwájú fáàfù, kò sì jìnnà sí 5,000. Èyí tí ó jẹ́ óòmù mẹ́jọ ì bá gbé 8,000 síbẹ̀. Owó tí mo fi rà á kò tó owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ mi.

Nígbà tí mo padà, iṣẹ́ kù. Sípíkà tí ó fẹ̀ ní ínṣì mẹ́fà kò lè jókòó sí ihò ínṣì mẹ́jọ, a kò sì gbọdọ̀ fi àlàfo sílẹ̀ yí i ká. Bí pépà bá ti afẹ́fẹ́ síwájú, ó ń fa ti ẹ̀yìn. Bí àwọn méjèèjì bá rí ọ̀nà pàdé, wọn a pa ara wọn, ohùn tí ó nípọn a sì di òfo. Káfíńtà gé pákó pẹlẹbẹ fún wa ní òbìrí, a fi aṣọ nínípọn tẹ́ etí rẹ̀, ihò ìdè mẹ́rin àtijọ́ ni a sì fi dè é, láì lu ihò tuntun kankan. Bàbá fi irin gbígbóná jó lẹ́ẹ̀dì sí ojú wáyà méjèèjì. Ó pàrọ̀ àwọn kapásítọ̀ oní-pépà, pàápàá jù lọ èyí tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà EL84, nítorí bí ìyẹn bá ń jò, fáàfù náà yóò ṣiṣẹ́ kú. Ó so gílóòbù wáàtì 60 mọ́ ojú ọ̀nà iná, pé bí nǹkan kan bá ṣì wà tí kò dára, kí gílóòbù gbà á mọ́ra, kí rédíò má jó. Ó sì kọ́ mi pé bí a bá ti tan án, ọwọ́ kan ni a fi ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, èkejì a wà lẹ́yìn ẹni, nítorí fólítì 250 kò mọ ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀gá.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejìlá, a gbé e padà sí pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Bàbá tẹ bọ́tìnnì. Gílóòbù mọ́lẹ̀ yòò, lẹ́yìn náà ó rọ̀. Nínú ìgò fáàfù, pupa díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ bí oòrùn àárọ̀. Ìṣẹ́jú kan kò pé tí a fi gbọ́ kíkùn rírẹlẹ̀ kan. Mo yí kọ́kọ́ díẹ̀díẹ̀ lórí ìgbì kúkúrú. Ọkùnrin kan ń sọ èdè Hausa. Obìnrin kan ń sọ Faransé. Ìlù kan tí n kò mọ̀ wọlé, ó jáde.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní, “Ó ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń bá sọ ọ́ nínú ilé yìí?” Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Orí FM ni púpọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ rédíò wa wà lónìí, rédíò Bàbá àgbà kò sì ní FM.

Bàbá kò dáhùn. Ó yí ẹ̀yìn rédíò sí mi, ó fi ihò kékeré méjì hàn mí. Àwọn tí ó ṣe rédíò náà ni wọ́n dá a síbẹ̀, fún ẹni tí ó bá fẹ́ so gíráámáfóònù mọ́ ọn. Tìráńsífọ́mà ńlá tí ó ya rédíò wa sọ́tọ̀ kúrò lára iná ilé wà nínú rẹ̀, nítorí náà kò sí ewu láti fi ihò náà ṣiṣẹ́. Nínú àwọn rédíò tí kò ní in, ẹni tí ó bá dán an wò lè fi ẹ̀mí rẹ̀ ṣeré. Bàbá ti ṣe wáyà kan sílẹ̀. Ó so ó mọ́ fóònù mi, mo sì wá ilé iṣẹ́ rédíò tí ó ń ka ìròyìn ní èdè Yorùbá lórí rẹ̀.

Ohùn náà jáde láti ẹ̀yìn aṣọ aláwọ̀ wúrà, ó nípọn, ó rọlẹ̀, ó kún pálọ̀. Ìyá àgbà, tí kò tí ì sọ ohunkóhun láti ìgbà tí a ti wọlé, gbé orí sókè. Ó na ọwọ́, ó wá pákó rédíò náà kàn, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e títí ìròyìn fi parí. Ó ní, “Ohùn rẹ̀ nìyẹn.”

Mo mọ̀ pé sípíkà ẹ̀rọ mìíràn ni. Ṣùgbọ́n pákó náà kò yí padà, fáàfù náà kò yí padà, alárinà náà kò yí padà, àwọn yẹn sì ti sọ ohun tí wọ́n lè gbà. Ìyá àgbà kò purọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dìde, wọ́n pe ẹni tí ó fẹ́ rà á lórí fóònù, wọ́n ní kí ó má bínú. Ohun tí ọkùnrin náà fẹ́ kó inú rédíò dànù nítorí rẹ̀, àyè rẹ̀ ti wà lẹ́yìn rédíò náà láti ilé ibi tí wọ́n ti ṣe é.

Èmi tí mo ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè kò lè rí èyí kí n má rántí ìpajẹ. Bí a bá sọ pé “rí igi,” ó ń di “rígi”, bí a bá sọ pé “rí ìwé,” ó ń di “ríwé.” Lójú ìwé, ohun kan náà ni ó ṣe àwọn méjèèjì: fáwẹ̀lì kan ti lọ. Ṣùgbọ́n ẹ fi etí sí i. Nínú “rígi,” ohùn àárín bá fáwẹ̀lì rẹ̀ lọ, kò fi ipa sílẹ̀. Nínú “ríwé,” fáwẹ̀lì lọ, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò lọ. Ó wọ́ mọ́ “wé,” a sì ń gbọ́ bí ohùn ti ń ti ìsàlẹ̀ gòkè. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ nípa ohùn ìsàlẹ̀ yìí ní 1966. Ẹni tí ó bá fi etí sílẹ̀ yóò mọ̀ láti ara ohun tí ó kù pé nǹkan kan ti wà níbẹ̀, yóò sì mọ irú ohun tí ó jẹ́.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, láìpẹ́ ni a ó lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò bọ́ sí àyè olùkọ́ tí ó ti lọ: ó lè ti fẹ̀yìn tì, ó lè ti gba iṣẹ́ mìíràn, ó sì lè ti kú. A ó bá àwọn ọmọ tí ó dákẹ́ nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Yóò rọrùn fún wa láti rò pé òfìfo ni wọ́n, kí á sì fẹ́ fi wáàtì 300 tí a kó bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ gíga bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wọn ohun tí ó kù. Ẹ bi wọ́n ní àlọ́ tí wọ́n mọ̀. Ẹ wo inú ìwé wọn àtijọ́. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀, àti ibi tí wọ́n ti ń já a. Ohun tí olùkọ́ àná fi sílẹ̀ lọ́kàn wọn yóò sọ irú olùkọ́ tí wọ́n lè gbà. A kò lè jẹ́ ẹni tí ó lọ. Ṣùgbọ́n mẹ́rin lè ṣe iṣẹ́ márùn-ún bí a bá fi ara balẹ̀ yàn án, ohùn tí ó ti wà nínú àpótí láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò sì rí ọ̀nà jáde.

Kí Elédùmarè jẹ́ kí iṣẹ́ wa bá àwọn tí a ó ṣe é fún mu. Àṣẹ.